Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Chip Mux fún Sígínà Ethernet Tó Yára, Láti SGMII Dé 10G

Iṣẹ́ tó ń gbé ọ̀pọ̀ wa lulẹ̀ nìyí. Bọ́ọ̀dù ní MAC kan ṣoṣo (apá chip tó ń rán packet Ethernet, tó sì ń gbà wọ́n), ṣùgbọ́n a fẹ́ kó lè bá ibi méjì sọ̀rọ̀: PHY (chip tó ń sọ sígínà di ti wáyà) fún wáyà RJ45 ní apá kan, ihò SFP (ihò tí a ń ki module bọ̀) fún fáíbà ní apá kejì. A fi mux (chip tó ń yan ọ̀nà kan nínú méjì) sáàárín, a tan iná, link (ìsopọ̀ náà) kọ̀, kò dìde. Nígbà mìíràn ó dìde, àmọ́ packet ń sọnù, link ń já, ó ń padà wá. Ohun tí àwọn èèyàn sì sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ mux náà, wọ́n á ra òmíràn tí Gbps rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àrùn náà á sì wà bó ṣe wà.

Gbps tó wà lójú ewé kìíní datasheet (ìwé àlàyé chip) kọ́ ló sábà máa ń fa wàhálà. Ohun tó ń fà á jù ni fólítì tí mux kò lè gbà, chip tí wọ́n ṣe fún irú sígínà mìíràn, tàbí sọ́fítíwià tí kò mọ̀ pé ọ̀nà ti yí padà. Ìdí nìyẹn tí Ìgbésẹ̀ 5 fi gùn ju àwọn yòókù lọ. Bí àkókò yín bá kúrú, ibẹ̀ ni kí ẹ kà dáadáa.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Datasheet MAC tàbí processor yín, ti PHY, àti ti gbogbo mux tí ẹ ń wò. Ojú ewé tó sọ fólítì ẹsẹ̀ SerDes (apá chip tó ń rán bit lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pẹ́à wáyà, tó sì ń gbà wọ́n) ni ẹ ń wá, kì í ṣe ojú ewé ìpolówó.
- Àwòrán bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú gígùn ọ̀nà bàbà láti MAC dé mux, àti láti mux dé ibi kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀dù kò bá tíì sí, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀.
- Fáìlì S-parameter ti mux náà (ó ń fi hàn bí sígínà ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ àti bó ṣe ń ta padà). Bí wọn ò bá gbé e síta fún mux kan, èmi kì í bá mux náà lọ jìnnà, pàápàá fún 10G.
- Mítà tó péye.
- Ọ̀nà láti ka register PHY lórí MDIO (wáyà tí a fi ń ka ètò inú PHY), àti láti tan PRBS (bit àdánwò tí a fi ń ka àṣìṣe) nínú SerDes. Oscilloscope dára bó bá wà, àmọ́ PRBS tó wà nínú chip máa ń sọ òótọ́ ju oscilloscope tí kò yára tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí mux máa jókòó sí

Ibi méjì ni èèyàn lè fi mux sí lójú ọ̀nà Ethernet. Àkọ́kọ́ ni àárín MAC àti PHY, tàbí àárín MAC àti SFP. Níbẹ̀, pẹ́à wáyà kan ń lọ, pẹ́à kan ń bọ̀; pẹ́à kọ̀ọ̀kan ní wáyà P àti wáyà N. Ilé SGMII, 1000BASE-X, USXGMII àti ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, àwọn ìlànà tí MAC fi ń bá PHY tàbí SFP sọ̀rọ̀. Ìkejì ni àárín PHY àti ihò RJ45. Níbẹ̀, 1000BASE-T ń lo pẹ́à mẹ́rin, gbogbo wọn ń lọ, wọ́n tún ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpele fólítì márùn-ún ni wọ́n ń lò ní 125 MBd (àmì mílíọ̀nù 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Sígínà méjèèjì kò jọra rárá.

Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá tẹ «Ethernet mux» sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn chip tó máa kọ́kọ́ jáde ni èyí tí wọ́n ń pè ní LAN switch. Ẹ̀gbẹ́ RJ45 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúlò fún SGMII, wọn ò sì wúlò rárá fún 10G. Ẹ̀gbẹ́ MAC nìkan ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìka lé ibi tí mux wà lórí àwòrán, kí ẹ tọ ọ̀nà lọ sí ihò RJ45. Bí ẹ bá kan PHY kí ẹ tó dé ihò, ibi tó yẹ lẹ wà. Bó bá jẹ́ tiransifọ́mà nìkan lẹ kàn, LAN switch lẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìyára wáyà sílẹ̀, ẹ fi ìyára dátà sílẹ̀

Àwọn tó ń sọ pé «gígábíìtì kan ni mò ń lò» ti ṣìnà díẹ̀. SGMII ń sọ bit mẹ́jọ di mẹ́wàá (8b/10b) kó tó rán wọn, nítorí náà 1.25 GBd (àmì bílíọ̀nù 1.25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló ń rìn lórí wáyà. Àwọn tí ẹ máa bá pàdé nìyí:

- SGMII, 1000BASE-X, 1000BASE-KX: 1.25 GBd
- 2500BASE-X: 3.125 GBd
- QSGMII: 5 GBd
- 10GBASE-KR, SFI ti SFP+ (SFP fún 10G), USXGMII tó ń ru 10G: 10.3125 GBd
- 25GBASE-R: 25.78125 GBd

Lẹ́yìn náà, ẹ pín nọ́ńbà yín sí méjì. Èyí ni ìdajì-ìyára, ibẹ̀ sì ni a ó ti máa ka gbogbo ìlà àwòrán inú datasheet. Fún SGMII, ó jẹ́ 625 MHz. Fún 10G, ó jẹ́ 5.156 GHz. Ẹ tún kọ bí bit kan ṣe gùn tó ní àkókò: 800 ps (picosecond) fún SGMII, nǹkan bíi 97 ps fún 10G. Àlàfo tó wà láàárín 800 àti 97 yìí ló fà á tí àṣìṣe kan fi lè wà lórí bọ́ọ̀dù SGMII láìṣe nǹkan kan, tí irú rẹ̀ gan-an á sì pa bọ́ọ̀dù 10G.

Ẹ ṣọ́ra: àwọn kan máa ń rò pé bí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́ ní 10 tàbí 100 Mbps, wáyà SGMII náà á rọra rìn. Rárá o. Ní 100 Mbps, SGMII ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní ìgbà 10. Ní 10 Mbps, ìgbà 100 ni. Wáyà kò kúrò ní 1.25 GBd.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé yín báyìí, ìyẹn GBd, ìdajì-ìyára àti gígùn bit.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka pẹ́à, ẹ wo ibi tí wọ́n dorí kọ

Oríṣi mux méjì ló wà. Ọ̀kan dà bí ilẹ̀kùn: ó ṣí ọ̀nà kan, ó ti èkejì, sígínà sì gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe wá. Èkejì máa ń gbọ́ sígínà, á tún un sọ jáde pẹ̀lú agbára tuntun. Mux ilẹ̀kùn àti mux atúnsọ ni mo máa pè wọ́n.

Port SGMII kan ń fẹ́ pẹ́à méjì, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Bó bá jẹ́ mux ilẹ̀kùn lẹ fẹ́, ẹ wá èyí tó ní pẹ́à méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan nínú ọ̀nà méjì. HD3SS3212 àti TMUXHS4212 ti Texas Instruments jẹ́ irú èyí. Kò ṣe nǹkan kan pé USB tàbí PCIe ni datasheet wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ilẹ̀kùn kì í béèrè orúkọ ẹni tó ń wọlé, ó sì lè gba lílọ àti bíbọ̀ láti ẹsẹ̀ kan náà.

Mux atúnsọ kò rí bẹ́ẹ̀: ó ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹ nílò èyí tó ń mú ọ̀kan nínú méjì ní ọ̀nà bíbọ̀, tó sì ń pín ọ̀kan sí méjì ní ọ̀nà lílọ. DS42MB100 ní méjèèjì nínú chip kan, ó sì ń lọ dé 4.25 Gbps. DS100MB203 jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún 10.3 Gbps.

Ẹ ṣọ́ra níbi orúkọ TX (lílọ) àti RX (bíbọ̀). TX ti MAC máa lọ sí RX ti PHY, àmọ́ oníṣẹ́ datasheet mìíràn ń pe ẹsẹ̀ PHY ní orúkọ tó bá ti MAC mu. Ẹ má gbà orúkọ gbọ́. Ẹ wo bóyá datasheet pe ẹsẹ̀ náà ní ìwọlé tàbí ìjáde. Lára PHY àtijọ́ tún wà tó ń fẹ́ pẹ́à kẹta fún aago 625 MHz. Bí tiyín bá wà lára wọn, mux pẹ́à méjì kò tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fa ọfà sórí pẹ́à kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti ń jáde dé ibi tó ń wọ̀. Ọfà méjì kò gbọ́dọ̀ kọjú síra.

Ìgbésẹ̀ 4: Ilẹ̀kùn ni àbí atúnsọ? Ẹ ṣírò àdánù

Èrò mi lórí èyí kò yí padà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mux ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kìkì bí ìṣirò bá lé yín. Mux atúnsọ ń jẹ iná, ó ń gbóná, ó ní ètò tí ẹ ní láti tò, ó sì ń fi gbígbọ̀n (jitter) tirẹ̀ kún sígínà. Ẹ má gbé e wọ bọ́ọ̀dù nítorí ìbẹ̀rù lásán.

Ìṣirò SGMII rèé. Ìlànà rẹ̀ sọ pé P àti N gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní 150 sí 400 mV nígbà tí sígínà bá ń jáde, àti pé olùgbọ́ gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ bó bá ku 50 mV. Ẹ mú èyí tó burú jù: 150 pín sí 50 jẹ́ 3, ìyẹn nǹkan bíi 9.5 dB (ìwọ̀n tí a fi ń ka àdánù sígínà). Àyè tí ẹ ní nìyẹn. Lórí FR-4 lásán (ohun tí wọ́n sábà fi ń ṣe bọ́ọ̀dù), ọ̀nà bàbà ń jẹ nǹkan bíi 0.1 sí 0.2 dB fún ínǹṣì kan ní 625 MHz. Ká ní MAC dé mux jẹ́ ínǹṣì 3, mux dé SFP jẹ́ 5: ínǹṣì 8 lápapọ̀, 1.6 dB bí a bá fi èyí tó pọ̀ jù ṣírò. Ẹ fi 1 dB kún un fún mux. 2.6 dB ni gbogbo rẹ̀. Mux ilẹ̀kùn tó, ó sì tún ṣẹ́kù. Èmi a máa fi ìdajì àyè náà sílẹ̀ fún gbígbọ̀n àti ariwo, èyí kò sì tíì sún mọ́ ìdajì.

Ní 10G, ọ̀rọ̀ yí padà. Bọ́ọ̀dù kan náà ń jẹ nǹkan bíi 0.5 sí 1 dB fún ínǹṣì kan ní agbègbè 5 GHz. Ínǹṣì 8 yẹn di 4 sí 8 dB, mux á tún mú tirẹ̀. 10GBASE-KR (10G tó ń gba orí bàbà bọ́ọ̀dù) lè fara da èyí nítorí pé olùgbọ́ rẹ̀ ní agbára láti tún sígínà ṣe. SFI tó ń lọ sí SFP+ ní àyè tó kéré jù ú lọ, kò sì sí ìfikùnlukùn láàárín MAC àti module. Kí ẹ tó ra mux atúnsọ, ẹ gbìyànjú láti gbé ihò SFP+ sún mọ́ tòsí, tàbí kí ẹ lo bọ́ọ̀dù tó sàn ju FR-4 lásán lọ.

Bí ẹ bá ń ka datasheet mux ilẹ̀kùn, ẹ má dúró níbi «bandwidth». Nọ́ńbà yẹn ni ibi tí sígínà ti lọ sílẹ̀ ní 3 dB, ìyẹn pé fólítì rẹ̀ ti ku nǹkan bíi ìdá 71 nínú 100. Ẹ ṣí àwòrán ìlà, kí ẹ ka àdánù ní ìdajì-ìyára yín gan-an. Kí ẹ tún wo ìlà ìpadàsẹ́yìn: ìwọ̀n sígínà tó ń ta padà láti ara chip. Bí kò bá dára ju -10 dB lọ títí dé ìdajì-ìyára, ẹ wá òmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún KR (10GBASE-KR): kí link tó dìde, àwọn méjèèjì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé kó yí bó ṣe ń rán sígínà padà. Clause 72 ti IEEE 802.3 ló ṣètò rẹ̀. Mux ilẹ̀kùn kì í dí wọn lọ́wọ́. Redriver linear (atúnsọ tó ń fún sígínà lágbára láìyí ìrísí rẹ̀ padà) náà kì í sábà dí wọn. Redriver limiting, tó ń gé orí sígínà kó lè dọ́gba, ń bo gbogbo àtúnṣe náà mọ́lẹ̀, ìjíròrò wọn á wá di asán. Retimer (atúnsọ tó ń fi aago tuntun tún bit rán) ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìjíròrò náà kó sì kópa nínú rẹ̀. Bí datasheet rẹ̀ kò bá dárúkọ KR, ẹ má lò ó fún KR.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ àdánù gbogbo ọ̀nà sílẹ̀, fún apá PHY lọ́tọ̀, fún apá SFP lọ́tọ̀. Apá tó gùn jù ni kó pinnu.

Ìgbésẹ̀ 5: Fólítì àárín, ibi tí bọ́ọ̀dù púpọ̀ kú sí

P àti N máa ń fò sókè sódò yí fólítì kan ká. Mo pe fólítì yìí ní fólítì àárín. Mux ilẹ̀kùn ń gba fólítì yìí kọjá pẹ̀lú sígínà, ó sì ní ààyè tí kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mux ilẹ̀kùn òde òní, ààyè náà bẹ̀rẹ̀ láti 0 V, ó sì parí sí nǹkan bíi 2 V tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Datasheet tiyín ni kó sọ ọ́.

Ẹ wá wo MAC yín. Bí ìjáde rẹ̀ bá tẹ̀ lé ìlànà SGMII, fólítì àárín rẹ̀ á wà láàárín 1.075 àti 1.325 V, mux á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ CML (irú ìjáde tí fólítì àárín rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná tí wọ́n so ó mọ́) tí wọ́n so mọ́ iná 3.3 V, fólítì àárín rẹ̀ á sún mọ́ 3 V. Mux tí òpin rẹ̀ jẹ́ 2 V kò lè gbà á. Sígínà á jáde ní wíwọ́, link á sì máa ṣe ségesège. Gbps rẹ̀ lè jẹ́ 20, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ibí ni kapásítọ̀ ti wọlé. Kapásítọ̀ 100 nF lórí wáyà kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ kí sígínà kọjá, kó sì dí fólítì àárín lọ́nà. Ọ̀pọ̀ wa ń fi í sí ibi gbogbo láìrò ó, wàhálà tó burú jù sì ti ibẹ̀ wá. Module SFP ní kapásítọ̀ tirẹ̀ nínú, ní ọ̀nà lílọ àti ní ọ̀nà bíbọ̀. Bí ẹ bá tún fi kapásítọ̀ sáàárín MAC àti mux, nígbà tí mux bá kọjú sí SFP, kapásítọ̀ wà lápá ọ̀tún, kapásítọ̀ wà lápá òsì, ẹsẹ̀ mux sì wà láàárín láìsí ohun tó di fólítì rẹ̀ mú. Á máa rìn kiri bí jíjò iná inú chip bá ṣe fẹ́. Ní àárọ̀, ó ṣiṣẹ́. Bí bọ́ọ̀dù bá gbóná, ó kọ̀. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ báyìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí, bí fólítì àárín MAC bá wà nínú ààyè mux:

1. Kò sí kapásítọ̀ láàárín MAC àti mux.
2. Kò sí kapásítọ̀ láàárín mux àti SFP. Ti inú module tó.
3. Láàárín mux àti PHY, kapásítọ̀ 100 nF lórí wáyà kọ̀ọ̀kan.

Báyìí, MAC ló ń fún mux ní fólítì, ní ọ̀nà lílọ àti ní ọ̀nà bíbọ̀, ibikíbi tí mux bá kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ìwọlé MAC ní fólítì àárín tirẹ̀ nínú, kí fólítì náà sì bọ́ sí ààyè mux. Ọ̀pọ̀ SerDes ní in, kì í ṣe gbogbo wọn.

Bí fólítì MAC kò bá bọ́ sí ààyè mux, kapásítọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì fún ẹsẹ̀ mux ní fólítì. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ ńlá, láàárín 10 kΩ àti 100 kΩ, so wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ fólítì tó wà ní àárín ààyè mux. Bí datasheet bá gbà pé kí fólítì àárín jẹ́ 0 V, ẹ lè so ẹnu kejì rẹ̀sísítọ̀ náà mọ́ ilẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé sígínà á máa bọ́ sísàlẹ̀ 0 V díẹ̀. Ẹ wo òpin ìsàlẹ̀ tí datasheet kọ kí ẹ tó ṣe é. P àti N gbọ́dọ̀ lo rẹ̀sísítọ̀ kan náà.

Mux atúnsọ rọrùn níbí. Ìwọlé rẹ̀ sábà ní fólítì tirẹ̀ nínú, kapásítọ̀ sí ìwọlé àti ìjáde kò fa wàhálà. Ohun tí ẹ máa wò níbẹ̀ ni bí ìjáde rẹ̀ ṣe lágbára tó: má jẹ́ kó ju ohun tí olùgbọ́ SGMII yín lè gbà lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ní ètò láti dín in kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tan bọ́ọ̀dù, ẹ yí mux sí apá kan, ẹ fi mítà wọn fólítì DC ní ẹsẹ̀ mux, P sí ilẹ̀, lẹ́yìn náà N sí ilẹ̀. Link lè já bí ẹnu mítà bá kan wáyà. Ẹ má bẹ̀rù. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n sì wà nínú ààyè mux. Bí P bá ka 1.2 V tí N sì ka 0.4 V, wáyà kan ti já tàbí ó ti kan nǹkan mìíràn: ẹ wá a kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí nọ́ńbà bá ń rọra sún bí ẹ ṣe ń wò ó, kò sí ohun tó di fólítì mú. Ẹ yí mux sí apá kejì, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá àwọn ìdẹkùn inú datasheet

Mux atúnsọ tí wọ́n ṣe fún PCIe, USB tàbí SATA ní ọgbọ́n tí Ethernet kò fẹ́. Ti PCIe àti USB máa ń wá bóyá ẹnì kan wà lápá kejì kó tó ṣí ìjáde rẹ̀, ó sì lè ti ìjáde bó bá rò pé sígínà ti dákẹ́. Bí datasheet kò bá fi hàn pé ẹ lè pa ọgbọ́n yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣeé pa nípasẹ̀ ẹsẹ̀ tàbí register, ẹ kọ ọ́ sínú àwòrán yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó ń kọ sọ́fítíwià má gbàgbé.

Ẹsẹ̀ SEL, èyí tó ń sọ apá tí mux máa kọjú sí, ni èkejì. Mux tó ń lo 3.3 V lè má ka 1.8 V láti ọ̀dọ̀ processor sí «òkè». Ẹ wo nọ́ńbà náà. Ẹ tún fi rẹ̀sísítọ̀ kan fà á sókè tàbí sísàlẹ̀, kí mux lè mọ apá tó máa kọjú sí kí sọ́fítíwià tó jí. Bí bọ́ọ̀dù yín bá ń gbé sọ́fítíwià rẹ̀ wọlé láti orí Ethernet, apá tí SEL bá kọjú sí nígbà yẹn ló máa pinnu bóyá bọ́ọ̀dù á jí rárá.

Ẹ̀kẹta: bí PHY bá ní iná nígbà tí mux kò ní, sígínà lè gba ẹsẹ̀ mux wọlé kó máa bọ́ ọ ní iná ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tí datasheet sọ nípa ẹsẹ̀ nígbà tí iná kò sí. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí iná mux kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọn SEL pẹ̀lú mítà nígbà tí processor ṣì wà nínú reset. Ó gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá tàbí nísàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe láàárín.

Ìgbésẹ̀ 7: Orí bọ́ọ̀dù

100 Ω láàárín P àti N, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. P àti N gbọ́dọ̀ gùn bákan náà: ìyàtọ̀ mìlímítà 5 jẹ́ nǹkan bíi 30 ps lórí FR-4, kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 800 ps ti SGMII, àmọ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta bit kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 97 ps ti 10G. Ẹ má fi ẹ̀ka bàbà kankan sílẹ̀ tí kò lọ síbì kan. Ẹ má sì yí P àti N padà kí ọ̀nà lè rọrùn, àfi tí SerDes yín bá lè yí i padà nínú ara rẹ̀, torí 8b/10b kò ní tún un ṣe fún yín.

Ìgbésẹ̀ 8: Sọ́fítíwià gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ti yí padà

Mux kì í gbé MDIO. PHY àti ohunkóhun mìíràn tó wà lórí MDIO gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, SFP ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí I2C (ọ̀nà wáyà méjì mìíràn).

SGMII àti 1000BASE-X jọ ń rìn ní 1.25 GBd, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn yàtọ̀, aago ìdúró wọn náà yàtọ̀: 1.6 ms fún SGMII, 10 ms fún 1000BASE-X. Bí mux bá kọjú sí PHY, SerDes MAC gbọ́dọ̀ wà ní SGMII. Bó bá kọjú sí fáíbà, 1000BASE-X. Module SFP onírin-bàbà lè ní PHY tó ń sọ SGMII nínú, ẹ wo èyí náà. Lórí Linux, phylink (apá Linux tó ń bójú tó link) lè ṣe ìyípadà yìí bí driver MAC yín bá ń lò ó.

Ètò tí mo fara mọ́ ni: ẹ pa link ní sọ́fítíwià, ẹ yí SEL, ẹ tún ipò SerDes tò, ẹ tún olùgbọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí autoneg (ìkíni tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń fohùn ṣọ̀kan lórí link) bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ fi ẹsẹ̀ TX_DISABLE pa iná module SFP tí ẹ kò lò, kí apá kejì fáíbà má máa rí ìmọ́lẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Àwọn kan ń so MOD_ABS (ẹsẹ̀ tó ń sọ bóyá module wà nínú ihò) mọ́ SEL tààrà, kí mux lè yí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti ki module bọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí processor rí MOD_ABS pẹ̀lú, torí bí mux bá yí tí SerDes kò yí, link kò ní dìde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka register 1, bit 2 ti PHY. Bit yìí máa ń di òdo mú títí ẹ ó fi kà á. Bí link bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíkà àkọ́kọ́ á sọ pé kò sí link, kódà bó ti padà dé. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì ni ipò tó wà báyìí. Bí àkọ́kọ́ bá ń jẹ́ òdo nígbà gbogbo tí ìkejì sì ń jẹ́ 1, link yín ń já láàárín kíkà kan sí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ̀rí tó dájú

Ping tó lọ tó bọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ tan PRBS nínú SerDes MAC, kí apá kejì dá a padà tàbí kó ka àṣìṣe fúnra rẹ̀: PRBS7 bá 8b/10b mu, PRBS31 ni kí ẹ lò fún 10G. Láti lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú 95 nínú 100 pé àṣìṣe kò ju ẹyọ kan lọ nínú bit 10¹², bit 3 × 10¹² gbọ́dọ̀ kọjá láìsí àṣìṣe kankan. Ní 1.25 GBd, ìyẹn jẹ́ 2,400 ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú 40. Ní 10.3125 GBd, kò tó ìṣẹ́jú 5.

Ẹ ṣe é fún apá PHY, ẹ ṣe é fún apá SFP. Ẹ tún un ṣe nígbà tí bọ́ọ̀dù bá gbóná dé ibi tó máa gbóná dé lẹ́nu iṣẹ́, àti pẹ̀lú iná mux ní òpin òkè àti òpin ìsàlẹ̀ tí datasheet gbà. Bí àṣìṣe bá wà ní apá kan ṣoṣo, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4 àti 7 fún apá yẹn. Bó bá wà ní méjèèjì, tó sì ń pọ̀ sí i bí bọ́ọ̀dù ṣe ń gbóná, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 5 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.